Ìtàn Ìgbésí Ayé Sir Isaac Newton, Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Ó Wọn Ipá

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó bá ti ka ẹ̀kọ́ fisíìsì díẹ̀, ìbáà ṣe ní Ṣakí, ìbáà ṣe ní Ìséyìn, yóò ti gbọ́ orúkọ Newton. Orúkọ yìí ni a fi ń pe òṣùwọ̀n ipá, láti ọdún 1948 tí ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó mọ orúkọ tí kò mọ olórúkọ. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí a sọ ìtàn ọkùnrin náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a sì fi àwọn ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ ní ìhà Òkè-Ògùn ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ìmọ̀ tí a kò bá lè bá dé ọjà àti oko kì í pẹ́ lọ́kàn ènìyàn.

A bí Isaac Newton ní abúlé kan tí ń jẹ́ Woolsthorpe, ní ẹkùn Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1642 gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ka ọjọ́ nígbà náà. Bí a bá kà á bí a ti ń kà á lónìí, ọjọ́ kẹrin oṣù January ọdún 1643 ni. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ní ilẹ̀, ó ní àgùntàn, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí bàbá náà ti kú kí a tó bí ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá kò rí ọmọ, ọmọ kò sì rí bàbá. Orúkọ bàbá náà ni a fi sọ ọmọ. Oṣù rẹ̀ kò pé nígbà tí a bí i, ó sì kéré púpọ̀. Òun tìkára rẹ̀ a máa sọ nígbà tí ó dàgbà pé wọ́n ní a lè gbé òun sínú ago ọtí ní ọjọ́ tí a bí òun. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọmọ náà yóò là á. Síbẹ̀ ọdún 84 ni ó lò láyé.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, Hannah ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, àlùfáà kan tí ó ti dàgbà, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí òun. Ọdún 1653 ni ọkọ kejì yìí kú tí ìyá padà wá sílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta mìíràn. Ọgbẹ́ yìí kò jinná lọ́kàn Isaac. Nínú ìwé kan tí ó fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1662, ó jẹ́wọ́ pé òun ti halẹ̀ rí láti dáná sun ilé mọ́ ìyá òun àti ọkọ rẹ̀ lórí. Kí ẹ má ṣe gbàgbé èyí, nítorí yóò jẹ́ kí a lóye ìwà rẹ̀ nígbà tí ó di àgbà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, a fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Grantham, tí ó tó nǹkan bí máìlì méje sí abúlé wọn. Ilé olóògùn kan ni ó ń gbé. Kò fi bẹ́ẹ̀ tayọ ní àkọ́kọ́, títí di ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan tí ipò rẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ ní kíláàsì fi ẹsẹ̀ ta á nínú. Isaac bá a jà, ó lù ú. Ìyẹn kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pinnu pé òun yóò borí rẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú. Ó sì borí rẹ̀. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣámú, kékeré ni í ti í ṣe ẹnu ṣámúṣámú: bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré, igi ni Isaac ń gbẹ́, ó ń ṣe ọlọ afẹ́fẹ́ kékeré, ó ń ṣe agogo tí omi ń yí, ó sì ń fín ìlà sí ara ògiri láti fi òjìji oòrùn mọ wákàtí.

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìyá rẹ̀ pè é wá sílé kí ó wá máa ṣe àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ó burú tó o. Bí a bá ní kí ó da àgùntàn, abẹ́ igi ni yóò jókòó sí tí yóò máa ka ìwé, àgùntàn á sì wọ oko ọkà olóko. Ní ọdún 1659, ilé ẹjọ́ abúlé bu owó ìtanràn lé e nítorí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ó wọ oko ẹlòmíràn àti ọgbà rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó wó. Ẹni méjì ni ó gbà á sílẹ̀: arákùnrin ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti lọ sí Cambridge rí, àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Grantham, tí ó ní òun yóò yọ̀ǹda owó ilé ẹ̀kọ́ fún un bí ìyá bá lè jẹ́ kí ó padà. Ìyá náà gbà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa yìí, láti Ìséyìn títí dé Kìṣí, a mọ iye ọmọ tí a ti yọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé iṣu fẹ́ kíkọ ebè, tàbí pé tábà ti tó í já, tí kò sì sí ẹni tí ó padà sọ̀rọ̀ nípa wọn mọ́. A kò sọ pé Newton ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìyá Newton pàápàá kò mọ̀ pé Newton ni òun bí.

Ní oṣù June ọdún 1661, Isaac wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Cambridge. Ìyá rẹ̀ lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tú u sílẹ̀, nítorí náà ipò akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìránṣẹ́ ni ó fi wọlé: yóò gbé oúnjẹ fún àwọn olówó, yóò sì jẹ èyí tí ó bá kù. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ wọn níbẹ̀ ṣì jẹ́ ti Aristotle, Gíríìkì àtijọ́, ẹni tí ó gbà pé kò sí ohun tí í rìn bí kò bá sí ohun tí ń tì í, àti pé ohun tí ó wúwo a máa yára já bọ́ ju ohun tí ó fúyẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Galileo, ará Ítálì tí ó kú ní ọdún 1642, ti yí ọta bọ́ọ̀lù lórí pákó tí ó dagun, ó sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Isaac wá ìwé àwọn ẹni titun wọ̀nyí kà fúnra rẹ̀.

Bí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1665 ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀, a sì ti Yunifásítì. Newton padà sí abúlé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún méjì níbẹ̀. Ní àkókò yìí ni ó fi ìpìlẹ̀ ìṣirò titun kan lélẹ̀, ni ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ohun tí ń fa nǹkan wá sí ilẹ̀. Ìtàn èso ápù tí gbogbo ayé mọ̀ ti ibẹ̀ wá. Ápù kò já lù ú lórí gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń wí. Ohun tí òun tìkára rẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ nígbà tí ó darúgbó ni pé òun rí ápù tí ó já, òun sì bi ara òun léèrè bí ipá tí ó fà á bá lè dé ọ̀dọ̀ òṣùpá.

Ní ọdún 1669, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Cambridge. Ó ṣe awò ìwọ̀nràn titun tí ó ń lo dígí, àwọn onímọ̀ London tí a ń pè ní Royal Society sì gbà á sí ẹgbẹ́ ní ọdún 1672. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn, Robert Hooke, ti tako ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, inú bí i, ó sì fà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó mọ̀ ni ó tì mọ́ inú àpótí.

Edmond Halley ni ó ṣí àpótí náà. Ní oṣù August ọdún 1684, ó tọ Newton wá, ó sì bi í léèrè pé, bí ipá tí oòrùn fi ń fa àwọn ìràwọ̀ tí ń yí i ká bá di ìdá mẹ́rin nígbà tí ìjìnnà di ìlọ́po méjì, tí ó sì di ìdá mẹ́sàn-án nígbà tí ìjìnnà di ìlọ́po mẹ́ta, irú ọ̀nà wo ni wọn yóò máa tọ̀. Newton dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀nà náà yóò gùn díẹ̀ bí ẹyin. Òun ti ṣírò rẹ̀ rí, òun kò kàn mọ ibi tí òun ti ìwé náà bọ̀ ni. Halley kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́. Láti inú ìbéèrè yìí ni ìwé ńlá tí a ń pè ní Principia ti jáde ní ọdún 1687, ní èdè Látìn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà kò lówó tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé wọ́n ti ná owó wọn sórí ìwé kan tí ó sọ nípa ẹja, tí kò tà. Halley ni ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Òfin mẹ́ta lórí ìrìn nǹkan ni ó wà ní iwájú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin kìíní ni pé ohun tí ó dúró yóò máa dúró, ohun tí ń lọ yóò sì máa lọ tààrà ní ìyára kan náà, àfi bí ipá kan bá kàn án. Ẹni tí ó ru igbá omi mọ èyí. Bí ó bá ṣí ẹsẹ̀ lójijì, omi á dà sẹ́yìn. Bí ó bá dúró lójijì, omi á dà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ti èrò inú ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìséyìn sí Ṣakí: bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ ni ó dúró, èrò kò tí ì dúró. Ẹnìkan lè wí pé irọ́ ni, pé ohun gbogbo ni í dúró fúnra rẹ̀ bí a kò bá tì í mọ́. Kí ó lọ wo àwọn ahunṣọ Ìséyìn. Pákó tí wọ́n di òkúta lé, tí ó ń fa òwú le níwájú wọn, a máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń ká aṣọ tí wọ́n hun, bí wọn kò bá sì fà á mọ́, á dúró. Kì í ṣe òun ni ó dá ara rẹ̀ dúró: ilẹ̀ tí ó ń ha ni ó dì í mú. Ipá ni ìyẹn pẹ̀lú.

Òfin kejì ni ó so ohun mẹ́ta pọ̀: ipá, ìwọ̀n èròjà tí ó wà nínú nǹkan, àti àfikún ìyára. Ẹ wo ọmọlanke méjì ní ọjà, ọ̀kan ṣófo, èkejì kún fún iṣu. Bí ọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba bá tì wọ́n, èyí tí ó ṣófo á ti sáré jìnnà kí èyí tí ó kún tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Newton fi òté lé e báyìí pé ipá dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n èròjà nígbà àfikún ìyára. Bí a bá fi ipá 100 newton ti ohun tí ó jẹ́ kílò 50, tí kò sì sí ohun tí ó dì í mú, ìyára rẹ̀ yóò máa fi mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀ sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Bí ohun náà bá jẹ́ kílò 200, ìdajì mítà péré ni yóò máa fi pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń di ẹrù lé ẹrù, ọ̀rọ̀ yín ni èyí. Dídúró ọkọ̀ pẹ̀lú, ipá ni ó ń ṣe é. Bí a bá di ẹrù tí ó sọ gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, tí bíréèkì kò sì ní ipá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlọ́po méjì ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà yóò rìn kí ó tó dúró. Bí awakọ̀ bá tún sọ ìyára di ìlọ́po méjì, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú tí yóò fi dúró di méjì, ìyára tí ó fi ń jẹ ilẹ̀ ní àkókò náà di méjì, nítorí náà ilẹ̀ tí yóò rìn di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ṣe méjèèjì pọ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibi tí ọkọ̀ fúyẹ́ ti lè dúró kí ó tó kan ọmọ tí ń sọdá, ọkọ̀ yìí kò ní lè dúró níbẹ̀, bí awakọ̀ tilẹ̀ mọ ọkọ̀ wà bí kí ni. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n òfin yìí kò mọ ojú olówó, kò sì mọ ojú tálákà.

Láti inú òfin kejì kan náà ni a ti rí i pé, bí ènìyàn bá ju òkúta ńlá àti kékeré sílẹ̀ pọ̀ láti orí òkè Aṣabari ní Ṣakí, wọn yóò jọ balẹ̀ ni, bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò. Èyí tí ó tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po mẹ́wàá ipá ni ilẹ̀ fi ń fà á, ṣùgbọ́n ó ṣòro ní ìlọ́po mẹ́wàá láti mú sáré. Èrè àti gbèsè pa ara wọn. Àwọn méjèèjì yóò rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kìíní, ní ìparí ìṣẹ́jú àáyá kejì wọn yóò ti rìn tó 64.

Òfin kẹta ni pé ipá kò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: bí nǹkan kan bá ti òmíràn, ẹni tí a tì náà ń ti ẹni tí ó tì í padà bákan náà. Kò sí ọdẹ Òkè-Ògùn tí a óò kọ́ ní èyí. Bí ó bá yin ìbọn ṣakabùlà, ipá tí ó lé ọta jáde náà ni ó gún un ní èjìká. Ọta fúyẹ́, nítorí náà ó fò. Ìbọn wúwo, èjìká ọdẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ó kàn ta padà díẹ̀ ni.

Nígbà náà ni ó padà sí ọ̀rọ̀ òṣùpá. Òṣùpá jìnnà sí àárín ayé ní nǹkan bí ìlọ́po 60 ìjìnnà tiwa. Bí ipá bá ń dín kù bí a ti wí lókè, ìdá kan nínú 3,600 ni yóò kù. Newton ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé òṣùpá ń já bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ayé ní ìṣẹ́jú kan gan-an ní ìwọ̀n tí òkúta ń já ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó balẹ̀. Ipá kan náà ni ó ń já èso ápù ní Woolsthorpe tí ó sì ń yí òṣùpá ká ojú ọ̀run.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú ìwé yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 1682, àwọn ará Faransé kan gbé agogo tí ọ̀pá rẹ̀ ń fì dé erékùṣù Gorée ní ilẹ̀ Senegal, wọ́n sì rí i pé wọ́n ní láti gé ọ̀pá náà kúrú ju ti Paris lọ, kí ó tó lè máa lu ìṣẹ́jú àáyá géérégé. Newton mú èyí ní ẹ̀rí pé ayé wú díẹ̀ ní àárín, ó sì ń yí, nítorí náà ìfà ilẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìwọ̀n èròjà yàtọ̀ sí ìwúwo. Bí a bá gbé àpò tábà kan láti London wá sí Ìséyìn, tí a sì fi òṣùwọ̀n onísípíríńgì kan náà wọ̀n ọ́ ní ibi méjèèjì, yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún fúyẹ́ sí i níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n alápá méjì kò ní fi ìyàtọ̀ kankan hàn, nítorí tábà náà kò dín.

Ní ọdún 1696, Newton fi Cambridge sílẹ̀ lọ sí London láti ṣe alábòójútó ilé tí a ti ń rọ owó Ìjọba. Ó di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ ní ọdún 1699. Ó lépa àwọn tí ń rọ ayédèrú owó dé orí igi. Ní àkókò yìí, owó wúrà tí ó gbajúmọ̀ jù ni gíní. Ọdún 1663 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́, wúrà etíkun Guinea, ìyẹn ti ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, ni ó sì fún un ní orúkọ. A tilẹ̀ ya àwòrán erin sí ara púpọ̀ nínú wọn. Ìròyìn tí Newton kọ ní ọdún 1717 ni Ìjọba tẹ̀lé tí gíní fi di ṣílè mọ́kànlélógún.

Ní ọdún 1703 ó di Ààrẹ Royal Society. Ní ọdún 1705 Ọbabìnrin Anne fi í jẹ oyè Sir. Ṣùgbọ́n ògo rẹ̀ kò wẹ àbùkù rẹ̀ nù. Nígbà tí òun àti Leibniz ti ilẹ̀ Jámánì ń jà nítorí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìṣirò titun nì, a yan ìgbìmọ̀ ní ọdún 1712 láti ṣe ìdájọ́, Newton sì ni ó kọ ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó tún ra ìpín nínú South Sea Company, ilé iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ ní ọdún 1713 láti máa kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú lọ sí àwọn ilẹ̀ Spéènì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìpín náà fọ́ ní ọdún 1720, ó pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́n-ùn. Àwọn tí ń kọ ìtàn rẹ̀ a máa káàánú owó náà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó àwọn ènìyàn náà, ohun mìíràn ni a óò káàánú. Ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí ipá tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò wo ẹ̀gbẹ́ kejì owó tirẹ̀.

Kò gbé ìyàwó. Ó kú ní London ní ọjọ́ 20 oṣù March ọdún 1727 ní kíka ti àtijọ́, a sì sin ín sí Westminster Abbey, níbi tí a ti máa ń sin àwọn ọba láyé àtijọ́. Ní ọ̀rúndún ogún, Einstein fi hàn pé òfin rẹ̀ kò pé mọ́ fún ohun tí ìyára rẹ̀ bá sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Fún ọkọ̀, fún ọta, fún òkúta, àti fún ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé ènìyàn dé òṣùpá ní ọdún 1969, ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ìtàn náà nìyí. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ń fi òjìji wọn wákàtí, kí ó rọra pè é wá sí oko. Ẹni tí ó bá sì ń di ẹrù lé ọkọ̀ ní gáréèjì lọ́la, kí ó rántí ìlọ́po mẹ́jọ.